Mímú Àwòrán Bá Ilẹ̀ Mu

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni a óò sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ín. Ọ̀rọ̀ ìwé tí a fi ń sọ ibi tí ó wà ni. Àwọn kan lè béèrè pé kí ni ó gbé olùkọ́ èdè dé ìdí pláànù ilẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé pláànù náà ń sọ̀rọ̀. Ìlà àti òǹkà ni èdè tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì ṣi èdè náà gbọ́ lè kọ́lé sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ìpàpó ṣe àpẹẹrẹ, ní agbègbè Òkè-Ògùn wa. Ká ní ilé-ìwé kan níbẹ̀ fẹ́ kọ́ kíláàsì tuntun. Wọ́n ní pláànù tí awọnlẹ̀ fọwọ́ sí, wọ́n sì ní àwòrán tí ó fi ibi tí kíláàsì, kànga àti ṣáláńgá yóò wà hàn. Wọ́n wá rí ẹni tí ó ní drone, bàálù kékeré tí kò sí awakọ̀ nínú rẹ̀. Ó gba àṣẹ gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, ó fi í fò kọjá lórí ilẹ̀ náà, ó ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́tò, kọ̀ǹpútà sì rán wọn pọ̀ di àwòrán kan ṣoṣo. Gbogbo rẹ̀ ni a rí níbẹ̀: igi emi, igi irú, àpáta, títí dé ipa ẹsẹ̀ tí àwọn ọmọ ń gbà lọ́nà àbùjá. Ó wá ku kí a tẹ́ pláànù lé e lórí.

Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Àwòrán drone mọ ipò ara rẹ̀ láyé, nítorí sátẹ́láìtì ń sọ fún un. Pláànù orí ìwé kò mọ̀. Bí a bá gbé e sínú kọ̀ǹpútà, yóò kàn wà níbẹ̀ bí ẹní tí a ká sí igun yàrá ni. A ní láti sún un, kí a yí i, kí a sì mú un tóbi tàbí kéré títí yóò fi bá ilẹ̀ mu. Mo ti gbìyànjú láti sọ iṣẹ́ yìí ní ìmúwòránbálẹ̀mu, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pè é lẹ́ẹ̀mejì, èémí rẹ̀ yóò tán. Mímú àwòrán bá ilẹ̀ mu ti tó.

A óò wá àmì tí ó hàn lórí pláànù tí ó sì hàn nínú fọ́tò. Àmì méjì ti tó fún kọ̀ǹpútà láti ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ewu ibẹ̀ ni pé àmì méjì kì í takò wá. Yálà a tẹ ibi tí ó tọ́ tàbí a ṣì í tẹ̀, pláànù yóò jókòó lé méjèèjì wẹ́kú. Àmì kẹta ni ẹlẹ́rìí. Bí a bá ti fi méjì so pláànù mọ́lẹ̀, tí ẹ̀kẹta wá yẹ̀ ní mítà mẹ́rin, a mọ̀ pé irọ́ wà níbì kan. Kí àwọn àmì náà sì jìnnà síra, nítorí àṣìṣe kékeré láàárín àmì méjì tí ó sún mọ́ra a máa di ńlá ní ìpẹ̀kun ilẹ̀. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí ó lè fa pláànù bí rọ́bà títí gbogbo àmì yóò fi bára mu. Ẹ má ṣe é o. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti pa ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́.

Irú àmì wo ni kí a mú? Kì í ṣe igi, kì í ṣe etí òrùlé, nítorí ohun tí ó ga a máa dà bí ẹni pé ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú fọ́tò tí a yà láti òkè. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń dùn mí jù ni ọgbà. Igun ọgbà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mú, nítorí ó rọrùn láti rí. Bí ọgbà náà bá ti wọ ilẹ̀ aládùúgbò ní mítà méjì ńkọ́? Àwa tí a fẹ́ fi pláànù yẹ ọgbà wò ti fi ọgbà yẹ pláànù wò. Aládùúgbò yóò rí àwòrán rírẹwà tí ó fi hàn pé ilẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, yóò sì rò pé ẹ̀rọ ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Òpó sìmẹ́ńtì tí awọnlẹ̀ rì mọ́lẹ̀, tí nọ́ḿbà wà lórí rẹ̀, ni kí a wá. Koríko ọ̀dàn a máa bò ó. Kí a ro ibẹ̀, kí a fi ọ̀dà funfun kun orí òpó náà kí drone tó gbéra. Pèrègún ni àwọn baba wa ń gbìn sí ààlà, èmi kò sì rò pé òpó sìmẹ́ńtì sàn jù ú lọ ní gbogbo ọ̀nà: pèrègún ṣòro pa, òpó ṣeé hú ní òru ọjọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó jọ ti èdè wa gan-an. Bí mo bá kọ i-g-b-a láìfi àmì ohùn sí i, ẹ kò ní mọ̀ bóyá igbá ni, tàbí ìgbà, tàbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, tàbí iye tí í ṣe 200. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òǹkà ipò ilẹ̀ tí a kò sọ orísun rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ pláànù wa, ẹ óò rí i pé a kọ UTM Zone 31, èyí tí í ṣe abala ayé tí Ìpàpó wà. Ṣùgbọ́n òǹkà tí a jogún dúró lórí òpó kan ní Minna, tí a ń pè ní L40, àti lórí ìṣirò bí ayé ti tóbi tó tí Alexander Ross Clarke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní 1880. WGS 84, ìṣirò ti 1984, ni sátẹ́láìtì GPS ń lò. Òǹkà méjèèjì jọra lójú bí ìbejì, ṣùgbọ́n bí a bá ka ti Minna bí ẹni pé ti WGS 84 ni, ilẹ̀ yóò yẹ̀ ní Ìpàpó ju 100 mítà lọ. Pulọ́ọ̀tì tí ó fẹ̀ ní 50 ẹsẹ̀ kò ju mítà 15 àti díẹ̀ lọ. A ti fo pulọ́ọ̀tì mẹ́fà nìyẹn. Síbẹ̀ àṣìṣe yẹn kò burú tó, nítorí ojú yóò rí i. Ti mítà méjì ni kì í pariwo.

Ẹ ṣọ́ra fún fọ́tòkọ́pì pẹ̀lú. Ní ìwọ̀n 1:500, ìlà tí a kọ 60 mítà sí gbọ́dọ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 12 lórí ìwé. Bí rúlà bá wí pé 11.6 ni, ẹ̀rọ ti sún un kì. Òǹkà tí a kọ ni kí a tẹ̀ lé, kì í ṣe ìlà tí a fà.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, kí a kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán: ọjọ́ tí drone fò, orísun òǹkà, òpó tí a lò, àti iye tí ẹlẹ́rìí fi yẹ̀. Bí ó bá yẹ̀ ní mítà méjì, kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí a sì ké sí awọnlẹ̀ kí bíríkìlà tó dé.