Ìwé Ìgbélùú Kò Tíì Dé, Iṣẹ́ Ti Dé: Ìgbà Wo Ni Kí A Gbéra?

  

Ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìrìnàjò òkè òkun. Mo sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ náà pọ̀ jù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bóyá ó dára kí ọmọ lọ tàbí kò dára, a ti jiyàn rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí títí oúnjẹ fi tutù. Ibì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dúró sí lónìí, nítorí pé òun ni àwọn èèyàn ń torí rẹ̀ kan ilẹ̀kùn mi láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ ti kọ̀wé béèrè fún ìwé ìgbélùú Kánádà, èyí tí gbogbo yín ń pè ní PR. Ó ń retí èsì. Bó ti ń retí ni iṣẹ́ dé láti ọ̀hún, agbanisíṣẹ́ sì ń béèrè pé ọjọ́ wo ló máa bẹ̀rẹ̀. Kí ni kí ọmọ dáhùn? Ṣé kí ó kọ̀wé fi iṣẹ́ tó ń ṣe níbí sílẹ̀ ni, àbí kí ó dúró? Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìjọba. Ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ tó gba ọwọ́ mi kọjá kò níye, mo sì rí àwọn tó padà wá bẹ̀bẹ̀ pé kí a fún àwọn ní èyí tí àwọn kọ padà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ọ̀nà náà ṣe rí. Ètò tí wọ́n ń pè ní Express Entry bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2015. Èèyàn á fi orúkọ àti ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fáìlì yẹn á sì wà nínú agbo fún oṣù 12. Bí máàkì rẹ̀ bá tó, wọ́n á pè é. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá pè é, ọjọ́ 60 péré ló ní láti kó gbogbo ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìdúró gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìjọba Kánádà ní àwọn ń gbìyànjú láti parí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn fáìlì náà láàárín oṣù 6. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: wọ́n ní àwọn ń gbìyànjú, wọn kò búra. Ẹni tó bá fi oṣù 6 yẹn dá ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun tí kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ló fi ń ná ọjà.

Ìwé kọ̀ọ̀kan sì ní aago tirẹ̀. Èsì ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì ń lo ọdún 2. Ìwé tó ń ṣàlàyé ohun tí dìgírì wa jẹ́ ní ìlànà Kánádà ń lo ọdún 5. Ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá ti orílẹ̀-èdè tí èèyàn ń gbé kò gbọ́dọ̀ ju oṣù 6 lọ lọ́jọ́ tó bá kó ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Àyẹ̀wò ìlera ní tirẹ̀, oṣù 12 ni. Láti ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 2025, wọ́n ti ní kí àwọn tó ń gba ọ̀nà Express Entry ṣe àyẹ̀wò náà kí wọ́n tó kó ìwé sílẹ̀, nítorí náà aago ti ń lọ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí fáìlì wò. Kí ló kan iṣẹ́ nínú èyí? Ó kàn án gidigidi. Ọjọ́ tí wọ́n máa ń kọ sórí ìwé àṣẹ ìkẹyìn pé kí èèyàn má wọlé kọjá rẹ̀ sábà máa ń tẹ̀lé ọjọ́ tí àyẹ̀wò ìlera tàbí páásípọ́ọ̀tù máa parí, èyí tó bá yá nínú méjèèjì. Wọn kì í sì í sún un síwájú. Ẹni tí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ku oṣù mẹ́jọ, kí ó lọ gba òmíràn ná.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ìwé ìgbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, iṣẹ́ tó bá òfin mu máa ń fi máàkì 50 tàbí 200 kún ti èèyàn. Ìjọba Kánádà yọ máàkì yẹn kúrò ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 2025, nítorí pé wọ́n rí i pé àwọn kan ti sọ ìwé iṣẹ́ di ọjà títà. Síbẹ̀, àwọn ejẹ́ntì kan ṣì ń tọ àwọn ọmọ wa lọ pé kí wọ́n san owó, àwọn yóò bá wọn wá ìwé iṣẹ́ tí yóò gbé máàkì wọn sókè. Ẹni tó ní òun yóò dá aṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ohun tí kò sí mọ́ ni wọ́n ń tà.

Èyí kò sọ pé iṣẹ́ kò wúlò mọ́. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà ṣì ń fi iṣẹ́ yan àwọn tí wọ́n fẹ́, yíyàn bẹ́ẹ̀ sì ń fi máàkì 600 kún ti èèyàn. Iṣẹ́ tún kan ọ̀rọ̀ owó. Ní oṣù keje ọdún 2025, owó tí wọ́n ní kí ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin fi hàn ní báǹkì jẹ́ dọ́là Kánádà 28,362. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí náírà nílé, kí n má bàa ba ọkàn yín jẹ́ níbí. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ fífi owó yìí hàn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: kì í ṣe lẹ́tà iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń wò, ẹni náà tún gbọ́dọ̀ ti ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́ ní Kánádà. Ẹni tó wà ní Kàdúná tí kò ní àṣẹ kankan, tó wá ná owó báǹkì rẹ̀ nítorí pé lẹ́tà dé, ó ti fi fáìlì rẹ̀ wewu.

Ó dára. Lẹ́tà ti dé, ojúlówó sì ni. Ohun tó yẹ kí a mọ̀ lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ ni bóyá ó lè dúró. Ẹ béèrè, ẹ má tijú. Àwọn ọmọ wa máa ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá sọ pé ìwé kò tíì jáde, iṣẹ́ á bọ́. Nígbà mìíràn ó máa ń bọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ tí a dá ọjọ́ fún tí a kò lè pa á mọ́, yóò bínú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí èmi bá ni mo ń kọ lẹ́tà náà, ohun tí n óò kọ ni pé mo gba iṣẹ́ yìí, n óò bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 8 lẹ́yìn tí ìwé ìgbélùú bá tẹ̀ mí lọ́wọ́, àti pé bí kò bá tíì dé títí di ọjọ́ báyìí, kí a jọ tún un sọ. Ọ̀sẹ̀ 8 kò pọ̀. Oṣù kan nínú rẹ̀ lè lọ sórí ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ nìkan, kí a má tíì sọ ti ilé ìwé ọmọ, ilé tí a háyà, àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú.

Bí agbanisíṣẹ́ bá ní òun kò lè dúró, ọ̀nà kejì wà. Ó lè gba ìwé tí wọ́n ń pè ní LMIA, èyí tó ń fi hàn pé kò rí ọmọ ìlú tàbí olùgbé ibẹ̀ tó lè ṣe iṣẹ́ náà. Ọmọ wa á wá fi ìyẹn béèrè fún àṣẹ iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Owó LMIA jẹ́ dọ́là 1,000 lórí ipò kan, agbanisíṣẹ́ ló ń san án, kò sì gbọ́dọ̀ gbà á padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ibi tí wọ́n bá ti ní kí ọmọ yín san án, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé béèrè fún àṣẹ ìgbà díẹ̀ kò ní pa PR lára. Òfin Kánádà dáhùn èyí ní abala 22: kí èèyàn fẹ́ di olùgbé títí láé kò ní kí ó má lè wọlé fún ìgbà díẹ̀, bí ó bá ti lè fi hàn pé òun yóò kúrò nígbà tí àṣẹ ìgbà díẹ̀ náà bá parí. Ohun tí òfin náà kò gbà ni irọ́. Fóòmù á béèrè bóyá o ti kọ̀wé béèrè láti wọ Kánádà rí. Ẹ sọ òótọ́. Ẹni tí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ lọ́wọ́, ọdún 5 gbáko ni kò fi ní lè wọ ibẹ̀, PR tó sì ń retí ti lọ nìyẹn.

Ó tún lè jẹ́ Ìlú Ọba ni iṣẹ́ ti wá, nígbà tí fáìlì Kánádà ṣì wà nílẹ̀. Lílọ sí Ìlú Ọba kò pa fáìlì Kánádà. Kí ọmọ ṣáà kọ̀wé sọ fún wọn pé àdírẹ́sì àti iṣẹ́ òun ti yí padà, kí ó sì mọ̀ pé bí òun bá gbé ibẹ̀ tó oṣù 6, wọ́n lè béèrè ìwé ọlọ́pàá ti ibẹ̀. Ti Ìlú Ọba kì í dúró deni pẹ́: ìwé tí agbanisíṣẹ́ ibẹ̀ ń fúnni, oṣù 3 ló ní láti fi lò ó. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa gbà lọ, wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àwọn tó ń bọ̀ láti òkè òkun ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025. Ẹ má san owó fún ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

Nísinsìnyí, ìgbà wo ni kí a kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀? Tọkọtaya kan nínú ẹgbẹ́ yìí gbà mí láyè láti sọ tiwọn, bí n kò bá ti dárúkọ. Wọ́n kó ìwé sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019. Ní oṣù kejì ọdún 2020, ọkọ rí iṣẹ́ ní Kánádà, wọ́n ní kí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún. Oṣù 6 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, inú wọn dùn. Àwọn méjèèjì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ta mọ́tò, wọ́n dá ilé padà fún onílé. Ẹ̀yin náà rántí ohun tó dé ní oṣù kẹta. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà ni Kánádà fa ìlà nítorí àrùn Kòrónà: ẹni tí ìwé àṣẹ rẹ̀ jáde títí di ọjọ́ yẹn lè wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí tiwọn jáde lẹ́yìn rẹ̀ kò lè wọlé. Ní ọjọ́ 23, Nàìjíríà náà ti pápákọ̀ òfuurufú mọ́ àwọn ọkọ̀ tó ń ti òkè òkun bọ̀, ó sì di ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án kí wọ́n tó ṣí i. Ìwé tiwọn jáde ní oṣù kẹjọ. Ó di ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 2021 kí Kánádà tó ṣílẹ̀kùn fún irú wọn. Láàárín ìgbà yẹn, wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí iṣẹ́ ọkọ. Inú yàrá méjì nílé àwọn òbí ìyàwó ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Àyẹ̀wò ìlera tí wọ́n ti ṣe ti kọjá oṣù 12, wọ́n sì ní láti tún un ṣe. Owó tí wọ́n kó jọ fún Kánádà ni wọ́n fi jẹun. Wọ́n ti wà lọ́hùn-ún báyìí, ara wọn sì le, ṣùgbọ́n ìyàwó sọ fún mi lórí fóònù pé ọdún yẹn kò tíì kúrò lójú òun.

Nọ́ọ̀sì kan wà nínú ẹgbẹ́ wa bákan náà tí tirẹ̀ bọ́ sí àkókò kan náà. Kò fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ń gba owó oṣù rẹ̀ títí físà fi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó gbọ́n jù wọ́n lọ o. Ìyá rẹ̀ ló kọ̀ jálẹ̀.

Lójú tèmi, kí ẹnikẹ́ni má kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ kí ìwé àṣẹ ìkẹyìn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àyẹ̀wò ìlera tó yege kì í ṣe físà. Kí wọ́n ní kí o fi páásípọ́ọ̀tù ránṣẹ́ náà kì í ṣe físà, bó tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Àkókò tí ẹ gbọ́dọ̀ fún ọ̀gá yín kò sì le: lábẹ́ abala 11 nínú Labour Act ilẹ̀ wa, ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á fún wọn ní oṣù kan, ẹni tó ti ṣe ọdún 2 sí 5 á fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Òfin yẹn kò kan gbogbo ènìyàn, nítorí náà ẹ̀yin ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ báǹkì, ẹ lọ ka ìwé àdéhùn yín. Ẹ má sì bá ìjà kúrò. Àwọn ará Kánádà lè pe ọ̀gá yín láti wádìí bóyá òótọ́ lẹ ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé iṣẹ́ ìjọba, ẹ má ṣe lọ láìkọ̀wé, kí owó oṣù máa wọlé lẹ́yìn yín. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú pàṣẹ pé kí irú àwọn bẹ́ẹ̀ dá owó náà padà, kí wọ́n sì fìyà jẹ àwọn ọ̀gá tó bò wọ́n láṣìírí. Owó ìfẹ̀yìntì yín tó wà nínú àpò RSA kò ní sọnù nítorí pé ẹ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀; orúkọ yín ló wà lórí rẹ̀.

Bí àkókò bá ń lé yín, tí iṣẹ́ níbí kò sì tíì ṣeé fi sílẹ̀, ẹ lè fi ìsinmi ọdọọdún lọ wọlé ní Kánádà kí ọjọ́ orí ìwé tó kọjá, kí ẹ sì padà wá parí ètò yín. Ohun tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ olùgbé ni pé kí ó lo ọjọ́ 730 níbẹ̀ nínú ọdún 5. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì Kánádà nìkan ni wọ́n ń fi káàdì PR ránṣẹ́ sí, nítorí náà ẹ wá ẹni tí ẹ fọkàn tán tí yóò bá yín gbà á. Láìsí káàdì yẹn, ẹ ó tún béèrè ìwé ìrìnnà pàtàkì kí ẹ tó lè wọ ọkọ̀ òfuurufú padà.

Ọ̀kan kù tí n kò gbọ́dọ̀ fò, ẹ̀yin òbí ẹ gbọ́ ọ. Bí iṣẹ́ bá ti dé, ẹ̀yin ìyá máa ń sọ pé kí ọmọ ṣègbéyàwó kí ó tó lọ. Ẹni tó bá gbéyàwó, tàbí tó bímọ, nígbà tí fáìlì ṣì wà nílẹ̀, gbọ́dọ̀ sọ fún wọn kí ó tó wọ Kánádà gẹ́gẹ́ bí olùgbé, kódà bí físà bá ti jáde. Bí ó bá pa á mọ́ nítorí kí iṣẹ́ má bàa bọ́, òfin lè dí i lọ́wọ́ láti mú aya tàbí ọmọ náà wá lẹ́yìn ọ̀la. Ó lè fi oṣù mélòó kan kún ìdúró. Ẹ jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ mọ̀.

Mo rí i pé alága ti ń wo aago. Ẹni tó bá ní fáìlì lọ́wọ́, kí ó mú ọjọ́ mẹ́rin wá bá mi lẹ́yìn oúnjẹ: ọjọ́ tí wọ́n pè é, ọjọ́ tó ṣe àyẹ̀wò ìlera, ọjọ́ tí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ máa parí, àti ọjọ́ tí agbanisíṣẹ́ dá fún un. Mo mú kàlẹ́ńdà dání.