Ọ̀pẹ Kì í Dá So



Ọ̀pẹ tó kún oko Ifẹ̀ kì í dá so. Òdòdó akọ àti abo rẹ̀ kì í sábà là pọ̀ lórí igi kan. Kòkòrò kékeré kan ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ lọ fún abo. Ọ̀pẹ náà ń san oore: inú òdòdó akọ ni kòkòrò náà ń yé sí, ibẹ̀ lọmọ rẹ̀ ti ń jẹun.

Ilẹ̀ Áfíríkà ni ọ̀pẹ Màléṣíà ti wá, ṣùgbọ́n kòkòrò yìí kò bá a lọ. Ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń bu lẹ́búlẹ́bú sí òdòdó ní ọ̀pọ̀ oko níbẹ̀, títí wọ́n fi kó kòkòrò náà láti Kamẹrúùnù lọ ní 1981.

Ọ̀fẹ́ ni tiwa. Bí a bá ń fín oògùn sí kòkó tó yí ọ̀pẹ ká, ká rántí pé kì í ṣe gbogbo kòkòrò ni ọ̀tá àgbẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ wa náà, ẹ má fojú kéré ẹni tó ń to àga.