Ìwé Mẹ́ta Lórí Ère Kan: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ọdẹ àti Olórìṣà Òṣogbo àti Iléṣà



  

Ọ̀rọ̀ òfin ni ẹ ní kí n sọ, pàápàá òfin tó de pípa àwọn ẹran afàyàfà àti títà wọn. Ẹ fojú inú wo ọdẹ kan tó ti igbó Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà bọ̀ ní ìdájí. Ó gbé ère kan kọ́ ọrùn, ahun méjì sì wà nínú àpò rẹ̀. Ó ní ìwé tí ọlọ́pàá fún un lórí ìbọn ṣakabùlà rẹ̀, ó sì gbà pé ìwé náà tó. Kò tó. Ìwé ìbọn kì í ṣe ìwé ọdẹ. Bí ó bá jẹ́ inú igbó ọba ni ó ti pa ẹran náà, àṣẹ mìíràn tún wà tí ó yẹ kí ó gbà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ni ìṣọ́ igbó. Bí ó bá sì ní méjèèjì, ó ṣì ku ohun tí ìjọba àpapọ̀ wí nípa ère fúnra rẹ̀. Ìwé mẹ́ta lórí ẹran kan, ọ́fíìsì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀!

Báwo ni ó ṣe rí bẹ́ẹ̀? Láti ọdún 1916 ni ìjọba òyìnbó ti gbé òfin ìdáàbòbò ẹranko igbó kalẹ̀. Òfin irú èyí di ti Ìwọ̀-Oòrùn, ó bá a dé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, a sì jogún rẹ̀ nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Ògún, 1991. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1974, Nàìjíríà ti tọwọ́ bọ àdéhùn àgbáyé tí à ń pè ní CITES. Láti mú àdéhùn náà ṣẹ ni ìjọba àpapọ̀ ṣe gbé òfin ẹranko tó wà nínú ewu jáde ní 1985.

Orúkọ òfin 1985 yìí gan-an ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Òwò láàrin orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ni àkọlé rẹ̀ ń wí. Ọdẹ á ní, “Èmi kò kó ẹran lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kí ló kàn mí?” Ó kàn án. Abala kìíní òfin náà fi òfin de dídọdẹ, mímú àti títa àwọn ẹran tó wà nínú àtòkọ kìíní pátápátá. Kò sí láísẹ́ńsì kankan fún wọn. Ti àtòkọ kejì, ẹni tó bá fẹ́ pa wọ́n tàbí tà wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lábẹ́ òfin yẹn kan náà. Bí òfin ìpínlẹ̀ bá sì tako ti àpapọ̀, abala 4 nínú òfin ìpilẹ̀ 1999 ti sọ pé ti àpapọ̀ ni yóò lékè. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ta ìwé kan fún yín ní Iléṣà, tí ó ní ó tó láti pa ọ̀nì, owó yín ló gbà lásán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn mí jù ni ti orúkọ. Gẹ̀ẹ́sì àti Látìnì ni òfin ń sọ. Àwa ń sọ pé ọ̀nì. Ọ̀nì wo? Mẹ́ta ni wọ́n ní apá ibi tí a wà yìí: ọ̀nì ńlá inú odò, ọ̀nì ẹlẹ́nu gígùn tín-ín-rín, àti ọ̀nì kúkúrú inú àbàtà. CITES fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ìsọ̀rí tó le jù ní ilẹ̀ wa, ẹlẹ́nu tín-ín-rín yẹn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun láyé. Ère, awọ́nríwọ́n àti agẹmọ inú igbó wa wà ní ìsọ̀rí kejì, níbi tí òwò ti ní gbèdéke. Ta ló sọ èyí fún ìyá tó so agẹmọ gbígbẹ kọ́ ìsọ̀ rẹ̀? Kò mọ Látìnì. Kò sì yẹ kí ó di dandan fún un láti mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan láàrin wa ń sọ pé ìjọba fẹ́ fi òfin yìí pa ẹ̀sìn wa. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo igbó Ọ̀ṣun. Lárọ́ọ̀yè àti Olútìmẹ́hìn ni ìtàn sọ pé wọ́n ti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wá tẹ Òṣogbo dó, ọdẹ sì ni Olútìmẹ́hìn. Ọdẹ wà lára àwọn tó tẹ ìlú dó, síbẹ̀ ọdẹ kò gbọdọ̀ yìnbọn nínú igbó náà, apẹja kò gbọdọ̀ da àwọ̀n sí odò rẹ̀, a kì í gé igi rẹ̀. Kí ìjọba tó kéde apá kan rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1965, kí UNESCO tó gbà á ní 2005, èèwọ̀ ti wà. Àdùnní Olóríṣà, Susanne Wenger, fi ayé rẹ̀ jà fún un títí ó fi wàjà ní 2009. Ní Ouidah ní ilẹ̀ Benin, ère ilé òrìṣà a máa rìn wọ ilé oníléé lóru. Ṣe ni wọ́n máa ń gbé e padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹni tó ń bọ Òṣùmàrè mọ ìdí rẹ̀. Bí ahun bá tán nínú igbó, kí ni a ó gbé síwájú Ọ̀sanyìn?

Àmọ́ n kò ní gbà kí ẹ̀bi di ti ìyá aláte nìkan. Akika kì í ṣe afàyàfà, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ní 2021, aṣọ́bodè gba ìpẹ́ rẹ̀ tó lé ní tọ́ọ̀nù 17 ní Èkó. Ẹni tó kó ìyẹn jọ kì í ṣe babaláwo tó ń wá ohun ètùtù.

Ó kan àwọn àlejò wa náà. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun, àwọn olórìṣà máa ń wá láti Brazil àti Amẹ́ríkà. Wọ́n ń ra ikarahun ahun, wọ́n ń ra awọ awọ́nríwọ́n, wọ́n sì ń kó o sínú báàgì. Láìsí ìwé CITES tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ wọn ní pápákọ̀ òfurufú, kí ẹjọ́ sì tẹ̀lé e. Ẹ̀yin tó ń gbà wọ́n lálejò, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó náwó.

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ti fọwọ́ sí àbá òfin tuntun ní oṣù Ọ̀wàrà 2025, ìjìyà inú rẹ̀ sì le ju ti àtijọ́ lọ. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí a dúró de ọjọ́ tí wọn yóò kó ọjà ẹnìkan kí a tó pariwo. Kí ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí ìjọba ìpínlẹ̀ ní Òṣogbo pé kí wọ́n tẹ àtòkọ kan ní Yorùbá, pẹ̀lú àwòrán, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọjà àti ilé ìpàdé ọdẹ: ẹran tí a kò gbọdọ̀ pa rárá, èyí tó ń fẹ́ ìwé, àti ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé náà. Àwa ni kí a fún wọn ní orúkọ. Kí àwọn ọdẹ Iléṣà àti àwọn ìyá lékuléja jókòó pọ̀ kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ahun, nítorí oríṣi ahun inú igbó wa ju ẹyọ kan lọ, orúkọ kan náà ni a sì ń pe gbogbo wọn lọ́jà.