Ta ló ni àga inú ọkọ̀ ojú irin?



Ọdún 2016 ni ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Abuja àti Kaduna. Nọ́mbà ìjókòó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, bí èrò bá pọ̀, ẹ lè bá ẹlòmíì lórí àga yín. Bó bá jẹ́ àgbà, á ní: "Ṣé o ò mọ̀ pé mo bí irú ẹ lọ́mọ ni?"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú: ẹni tí nọ́mbà wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló ni àga. Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn yín, ẹ bẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi ọjọ́ orí gbà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe bí ẹni tó ń sùn. Bí aláboyún, arúgbó tàbí ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn bá wà lórí ìdúró, ẹ dìde kó tó bẹ̀ yín.

Bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì han òṣìṣẹ́ ọkọ̀, ẹ má pariwo.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Gbogbo wa la jọ ń lọ.