Iṣẹ́ Ọlọ́pàá Nígbà tí Ìlùkílù bá Wọ Inú Ilé



Nígbà tí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ lù bá sá dé àgọ́ ọlọ́pàá, a kò gbọdọ̀ wí fún un pé, “Ọ̀ràn ilé ni, padà lọ bẹ ọkọ rẹ.” Ní ọdún 2007 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin lòdì sí ìwà ipá inú ilé. Òfin náà pàṣẹ pé kí ọlọ́pàá ran ẹni tí a lù lọ́wọ́ láti rí ibi ààbò àti ìtọ́jú ìṣègùn. Ilé-ẹjọ́ sì lè fún un ní ìwé àṣẹ tí yóò ka ìlù àti ìhàlẹ̀ léèwọ̀ fún ọkọ náà.

Nítorí náà, kí ọlọ́pàá gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ níkọ̀kọ̀, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó má sì ṣe dá a padà sílé títí yóò fi dá a lójú pé ewu ti kọjá.

Ẹ̀bi sì ń bẹ lọ́wọ́ àwa náà, tí ìtìjú ń mú wa lọ bẹ ọ̀gá ọlọ́pàá kí ó pa ẹjọ́ rẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í ṣe àlàáfíà.