Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Inú Ìwé Onídùúró



Ọdún 1843 ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá tí Àjàyí Crowther ṣe jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1845, òun fúnra rẹ̀ gúnlẹ̀ sí etíkun Àgbádárìgì wa yìí. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àjèjì kò wúlò fún ni bí a kò bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè ẹni.

Ẹ wo ìwé tí onídùúró ń fọwọ́ sí. Ẹ ó sábà rí “jointly and severally” níbẹ̀. Ilé-ìwé kọ́ wa pé “several” ni púpọ̀. “Severally” kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan yín ló dúró fún gbogbo gbèsè náà. Bí ẹ bá jẹ́ méjì, tí ayáwó sá lọ, tí ₦100,000 sì kù nílẹ̀, wọ́n lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kì í ṣe ₦50,000. Ẹni tó san án ni yóò tún máa wá ayáwó àti ẹnìkejì rẹ̀ kiri.

Nítorí náà, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa máa mú ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé ẹgbẹ́ ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kí ó túmọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá àti ní Ègùn, kí a tó tẹ̀ka tàbí fọwọ́ sí nǹkan. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.