Ọkọ̀ tí ó Pẹ́ ní Jẹ́bà



Ní 1912 ni ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí rin ìrìn Èkó sí Kánò, nǹkan bí 700 máìlì. Ojú irin kan ṣoṣo ni: ọkọ̀ tí ń lọ àti èyí tí ń bọ̀ kò lè yà fún ara wọn àfi ní téṣàn tí irin ti pín sí méjì. Nítorí náà, bí ọkọ̀ Kánò bá pẹ́ wákàtí méjì ní Jẹ́bà, èyí tí ó ti Èkó wá ní láti dúró dè é ní Ọ̀fà. Èyí tí ń tẹ̀lé e kò rí àyè wọ Ọ̀fà, ó há sí Ìkìrun. Ẹ̀rọ rẹ̀ sì ni ìbá fa ẹrù láti Ọ̀fà padà sí Ìbàdàn. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi ṣú, ìyá aláta tí ń retí ẹrù rẹ̀ ti ń bú ọ̀gá téṣàn, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. (Àwa náà ti bá wọn bú u rí.)

Ẹni tí ó bá ní kí ìjọba fi ọkọ̀ kún ọkọ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọn yóò ti yà fún ara wọn.

Ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, jẹ́ méjì, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tí ó lọ náà ni yóò padà, èrò Ìbàdàn ti ọ̀sán ṣì ń pín nínú ìdádúró Èkó ti òwúrọ̀.